Bí Ẹkún Aya Ṣe Dé Ilé Ẹjọ́ ní Èkó

Òwe kan wà tí ó gbajúmọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Òwe náà kò lè jẹ́ ti ayé àtijọ́ pátápátá, nítorí kóòtù tí a dárúkọ nínú rẹ̀, Òyìnbó ni ó mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ ọmọdé láàárín àwọn òwe tó, agbára rẹ̀ kò kéré. Òun ni a fi ń dá obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù padà lójú ọ̀nà, nígbà tí ojú rẹ̀ ti wú, tí ó sì ti wé gèlè láti lọ rí adájọ́. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn baálé, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ọkọ, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ bí tiwa. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a wádìí ọ̀nà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ń tọ̀ láti ayé Ọba Dòsùnmú títí di àkókò yìí, àti àwọn tí ó ń bá pàdé lẹ́nu ibodè kọ̀ọ̀kan.

Kí Òyìnbó tó dé, ilé ẹjọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Bí ọkọ bá gbé ọwọ́ sókè sí aya rẹ̀ nínú agbo ilé, ìyálé ni yóò kọ́kọ́ sáré jáde, lẹ́yìn rẹ̀ baálé, lẹ́yìn baálé àwọn àgbà tí ó bá wà nítòsí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára agbo ilé lọ, a lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò, ó sì lè dé Ìga Ìdúngànràn níwájú Ọba fúnra rẹ̀. Obìnrin tí kò bá lè fara dà á mọ́ a kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Dálémosú ni a ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, bí a kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, kọ ọ́ pé ìwà ìkà líle tí a lè jẹ́rìí sí wà lára ohun tí obìnrin lè torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a tú òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ẹni tí a bá tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ọkọ mìíràn, nítorí a kì í ṣú opó alààyè.

A kò gbọdọ̀ tẹ́ńbẹ́lú ilé ẹjọ́ agbo ilé yìí. Kò béèrè ìwé, kò béèrè agbẹjọ́rò, ó sì mọ ìtàn àwọn méjèèjì láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìdána. Ẹni tí ń lu aya rẹ̀ mọ̀ pé ojú púpọ̀ ń wo òun. Síbẹ̀ àbùkù kan wà lára rẹ̀ tí ó wúwo, èyí nì ni pé àwọn adájọ́ náà, ẹbí ọkọ ni wọ́n. Baálé tí yóò bá ọkọ wí ni bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìyá tí yóò tu aya nínú ni ìyá tí ó bí ọkọ. Ohun tí wọ́n sì ń wá jù lọ ni kí ilé má tú. Nítorí náà ìdájọ́ wọn kì í sábà ju ẹ̀bẹ̀ méjì lọ, ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún aya, lẹ́yìn èyí tí aya yóò padà sínú iyàrá kan náà.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rántí ìwé náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan ìtàn tiwa yìí. A gbà fún Ọba kí ó máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Èkó bí àwọn oníjà bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ síwájú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà ni ibòmíràn ti wà tí ẹni tí agbo ilé kò gbọ́ tirẹ̀ lè lọ.

Ibòmíràn náà ha ṣí sílẹ̀ fún aya bí? Ó ṣí díẹ̀. Ní ọdún 1876, nígbà tí ìjọba Èkó wà lábẹ́ ti Gold Coast, òfin tí ó dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ jáde. Ó pàṣẹ pé kí àṣà ìbílẹ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí kò bá lòdì sí òdodo àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ó sì pàṣẹ pé kí a máa lo òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 1874. Ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Ní ọdún 1878, obìnrin kan, Frances Power Cobbe, kọ̀wé lórí ìyà tí àwọn ọkọ fi ń jẹ aya wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti àwọn aṣòfin lẹ́yìn títí wọ́n fi ṣe òfin ní ọdún náà gan-an. Òfin náà ni pé bí a bá dá ọkọ lẹ́bi pé ó lu aya rẹ̀ ní ìlùkulù, adájọ́ lè pàṣẹ pé kò di dandan fún aya náà láti bá a gbé mọ́, kí ọkọ sì máa fún un ní owó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n 1878 ti kọjá 1874. Òfin tí ó gba aya tálákà sílẹ̀ ní London kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọ Èkó, títí òfin ọdún 1914 fi sún ọjọ́ náà síwájú sí ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ẹni tí ó bá sì rò pé láti ìpilẹ̀ ayé ni àwọn Òyìnbó ti ń ṣàánú aya, kí ó rántí pé ọdún 1891 ni ilé ẹjọ́ wọn tó sọ ọ́ gbangba pé ọkọ kò ní àṣẹ láti ti aya rẹ̀ mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ni ó yà wá lẹ́nu jù. Òfin Ìgbéyàwó dé Èkó ní ọdún 1884, àwọn ìdílé Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé sì fi ọ̀wọ̀ gbà á, nítorí ó ṣèlérí ọkọ kan fún aya kan. Aya olórùka rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n òfin ìkọ̀sílẹ̀ tí ó bá òrùka náà wá ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1857. Nínú rẹ̀, ọkọ tí aya rẹ̀ bá ṣe panṣágà lè kọ̀ ọ́ nítorí èyí nìkan. Aya ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọkọ ṣe panṣágà, kí ó sì tún fi hàn pé ó hùwà ìkà sí òun, tàbí pé ó pa òun tì fún ọdún méjì, tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìlù nìkan kò tó láti tú ìgbéyàwó ká. Ohun tí ìlù lè mú wá kò ju àṣẹ pé kí wọ́n máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé obìnrin tí a fi orógbó àti obì fẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè padà sílé bàbá rẹ̀, kí àwọn ẹbí rẹ̀ sì dá owó orí padà, nígbà tí aya olórùka, pẹ̀lú dùùrù nínú pálọ̀ rẹ̀, dúró sínú ìdè. Ọdún 1937 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé ìwà ìkà nìkan tó fún ìkọ̀sílẹ̀. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà tó ṣe òfin ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò ńkọ́? Agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ láti inú àwọn ènìyàn wa ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sierra Leone, tí ó gba oyè òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1879, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1888. Kí ó tó dé, àti lẹ́yìn tí ó dé pẹ̀lú, ìjọba a máa fún àwọn akọ̀wé tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà láti gba ẹjọ́ rò, nítorí agbẹjọ́rò kò tó. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Obìnrin tí ó fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú iyàrá ní láti sọ ọ́ fún ọkùnrin, kí ọkùnrin túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin mìíràn. Ní ọdún 1933 ni Stella Thomas, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò láti Sierra Leone ní Èkó, di agbẹjọ́rò, obìnrin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1943 a fi í ṣe májísírétì. Ó tó ọdún 82 láti ìgbà ìwé Dòsùnmú kí aya kan ní Èkó tó lè gbójú sókè kí ó rí obìnrin lórí àga ìdájọ́.

Ìwé òfin ọ̀daràn tí a tàn ká gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916 ka ìlù sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ọkọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. (Ní Àríwá, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960 gba ọkọ láyè láti fi ọwọ́ bá aya rẹ̀ wí níbi tí àṣà bá ti gbà á, bí kò bá ti ṣe é léṣe púpọ̀.) Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lẹ́nu ọlọ́pàá. Aya tí ó bá dé àgọ́ wọn, ohun tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyí, kí ó padà lọ bẹ ọkọ rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ti di agbo ilé kejì. Òfin náà sì ní àlébù mìíràn: ìjìyà nìkan ni ó mọ̀. Ó lè rán ọkọ lọ sẹ́wọ̀n, ebi a sì pa àwọn ọmọ. Kò lè sọ fún un pé kí ó má ṣe wọ inú ilé yìí lálẹ́ òní. Ọ̀pọ̀ aya tí kò fẹ́ kí ọkọ lọ sẹ́wọ̀n, tí kò sì fẹ́ kí ó lu òun mọ́, kò rí ohun tí yóò béèrè.

Àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọ́n tún ọ̀nà yìí ṣe. Ẹ̀ka Nàìjíríà ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1964, wọ́n sì ń gba ẹjọ́ àwọn aya tí kò lówó rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1999 ẹgbẹ́ Project Alert dìde ní Èkó, ní ọdún 2001 ó sì ṣí ilé ààbò kan fún àwọn tí ó sá jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé, èyí tí ó jọ òfin South Africa ti ọdún 1998 gan-an. Òfin yìí kò dúró de ẹ̀wọ̀n. Aya, tàbí ọkọ, tàbí òbí, tàbí ọmọ, lè tọ májísírétì lọ. Bí ẹ̀rí bá wà, adájọ́ lè fún un ní ìwé ààbò kíákíá kí a tó gbọ́ ẹnu ẹnìkejì, lẹ́yìn náà a ó pe ẹnìkejì wá sọ tirẹ̀. Ìwé náà lè lé alágbára kúrò nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó rẹ̀. A sì so ìwé àṣẹ ìmúni mọ́ ọn, tí yóò máa dúró dè é títí yóò fi rú òfin náà. Kì í sì í ṣe ìlù nìkan ni ó kà sí ìwà ipá: fífi owó oúnjẹ dù ènìyàn, ìdẹ́rùbà, àti bíba ẹrù jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2014 ìjọba kó dókítà, ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan kí obìnrin má baà máa rìn kiri; ní ọdún 2021 òfin sọ ẹgbẹ́ náà di àjọ ìjọba. Ní Erékùṣù Èkó pàápàá, ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì: ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, àwọn jàǹdùkú dá iná sun ilé ẹjọ́ gíga Ìgbósẹ̀rẹ̀, ìwé ẹjọ́ púpọ̀ sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti ń lọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ní láti tún ẹkún rẹ̀ sun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan nínú òfin ọdún 2007 tí ó kàn wá tààrà. Ó dárúkọ àwọn tí ó lè lọ síwájú adájọ́ nítorí ẹlòmíràn: ọlọ́pàá, oníṣègùn, agbaninímọ̀ràn, òṣìṣẹ́ àwùjọ, àti olùkọ́. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ gba ìwé tí ẹni tí a ń lù fi ọwọ́ sí pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé, irú èyí tí ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú wa láràárọ̀, òfin kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀.