Ìtọ́jú Alárùn Ẹ̀dọ̀fóró Nílé ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìtọ́jú alárùn ẹ̀dọ̀fóró nílé ni ohun tí ẹbí, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní kí ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti bá fínra pẹ́ máa lọ sílé. Àrùn náà lè jẹ́ ikọ́ efée (asthma), ó lè jẹ́ àpá tí ikọ́ ife (TB) fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò rẹ̀ ti kú, ó sì lè jẹ́ COPD, èyí tó ń dí ọ̀nà èémí tí kì í sì í là tán mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé COPD pa bíi mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ní 2021. Nílẹ̀ àwọn olówó, sìgá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ tiwa, èéfín ìdáná ń bá sìgá pín in.

Bí a bá sì dárúkọ èéfín ní Òkìtìpupa tàbí Òde-Ìrèlè nílẹ̀ Ìkálẹ̀, pupuru, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ nínú àpò, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná igi. Iná náà kì í kú bọ̀rọ̀. Ara pupuru á dúdú bí ìdí ìkòkò, wọn á wá fi ọ̀bẹ ha á kí funfun inú tó yọ. Ohun tó sọ ara pupuru di dúdú yẹn náà ni ìyá tó jókòó tì í ń fà símú.

Nítorí náà, ibi tí ààrò wà ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, ká tó béèrè oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ìyá bẹ́ẹ̀ fi iná sílẹ̀ ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí wọ́n gbé àgọ́ pupuru jìnnà sílé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ìyá máa bó ẹ̀gẹ́ kó sì máa jọ̀ ọ́, kí ẹlòmíràn dúró ti iná. Ìyàwó ọmọ ló sábà máa ń jẹ́ ẹlòmíràn yẹn, èéfín a sì yí padà sí ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀.

Lẹ́yìn ààrò ló kan oògùn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline tó ń ṣe Ventolin, ìyẹn ínhélà, oògùn tí à ń fi ẹnu fà, kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà, owó ínhélà sì fò sókè. Èyí tí wọ́n rí rà pàápàá, bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n lò, ahọ́n ló ń jẹ ẹ́. Ní 1999, Heather Zar àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn pé ike omi 500ml lásán lè ràn àwọn ọmọ oníkọ́ efée lọ́wọ́. Wọ́n á lu ìdí ike kí ẹnu ínhélà wọ ibẹ̀ ṣinṣin. Aláìsàn á fi ẹnu di ọrùn ike mú, wọ́n á tẹ oògùn lẹ́ẹ̀kan, á sì rọra fà á. Àgbàlagbà tí kò lè tẹ ínhélà kó sì mí lẹ́ẹ̀kan náà lè lò ó.

Èémí pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: fi imú fà á wọlé, kó ètè jọ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Kíá ló máa ń yé ẹni tó ti ń fẹ́ná láti kékeré. Rírìn lójoojúmọ́ náà ṣe pàtàkì, bí kò tiẹ̀ ju láti ẹnu ọ̀nà dé ilé aládùúgbò.

Ọ́síjìn ló le jù. Ìwádìí ti Amẹ́ríkà ní 1980 àti ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1981 fi hàn pé ẹni tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an máa ń pẹ́ láyé sí i bó bá ń lò ó fún nǹkan bíi wákàtí 15 lójúmọ́, ó kéré tán. Wákàtí 15 iná mànàmáná fún ẹ̀rọ ọ́síjìn, ní gúúsù Oǹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ọdún púpọ̀ nínú òkùnkùn! Jẹnẹrétọ̀ ló kù, èéfín tirẹ̀ sì tún gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ibi tí ọ́síjìn bá wà, kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là tàbí sìgá.

Oògùn prednisolone tí dókítà kọ fún ọjọ́ márùn-ún ni àwọn kan ń padà lọ rà ní kẹ́míìsì fún oṣù mẹ́fà, nítorí pé ó ń mú ara yá. Ojú á wú, egungun á máa di ẹlẹgẹ́, ṣúgà á gòkè.

Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá yí padà sí àwọ̀ ewé, ó tó kí wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì. Bí aláìsàn kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí èémí tó ká a mọ́, tí ètè rẹ̀ ń dúdú tàbí tí oorun òdì ń kùn ún, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà. Wọn kò ní tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú mọ́tò: ìjókòó ni, kó tẹ̀ síwájú, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún.