Àdúrà, Ìwé àti Abẹ́rẹ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ní òru ọjọ́ kan, ara àbúrò mi gbóná janjan. Ìyá àgbà bu omi, wọ́n ka Sáàmù sí i, wọ́n ní kí ó mu ún. Màmá mi ní àfi ọsibítù ní Ṣágámù. Èmi ọmọ sáyẹ́ǹsì dá sí i, mo ní àìmọ̀kan ló ń da Ìyá àgbà láàmú. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi lọ wádìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn lùkúlùkú wọ Èkó, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn dókítà kò ní oògùn rẹ̀. Kódà ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí kòkòrò rẹ̀ mú lára ènìyàn! Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kó ara wọn jọ fún àdúrà. Joseph Sadare wà níbẹ̀, àti olùkọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, tó ní omi òjò ni kí wọ́n máa lò. Ẹ bá mi rò ó: kí ni dókítà ìgbà náà ní tó ju omi lọ?

Ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Rẹ́mọ náà. Ní 1930, Josiah Ositelu, tó ti ṣe olùkọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè. Omi mímọ́, ààwẹ̀ àti Sáàmù ni wọ́n fi ń wo aláìsàn. Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà síbẹ̀, Tai Solarin àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Kò sí àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀. Ọkọ́ àti ìwé ni. Àwọn Adventist ní tiwọn ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Ìlíṣàn ní 1959. Òun ló di Yunifásítì Babcock, tí wọ́n ti ń gbàdúrà tí wọ́n sì ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà, mo sì ròyìn ọdún 1918 fún wọn. Wọ́n ní ìyá àwọn sọ ọ́ fún àwọn rí.

“Nígbà tí kò sí oògùn, kí ni à bá mu?”

Mo ní, “Ìyá, oògùn ti wà báyìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ta lo rò pé ó fún màmá rẹ lówó ọ̀kadà lóru ọjọ́ náà?”