Sòbìyà, Àìsàn Ọ̀nà Àjò
Alájàpá ni ìyá mi àgbà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ná ọjà láyé ìgbà náà. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n lọ́nà, omi adágún ni wọ́n ń bù mu. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó gbé ọmọ sòbìyà sínú ń bá omi wọlé. Ní nǹkan bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀. Màmá ní igi pẹ́ńpẹ́ ni wọ́n fi ń ká a jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ náà bọ odò ti kó o ran ẹlòmíràn.

Sòbìyà kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Asẹ́ aṣọ, kànga àti ìkìlọ̀ ló ṣẹ́gun rẹ̀: 2008 ni Nàìjíríà rí i kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013.