Òkè-Ẹlẹ́rin, Igbó Ọba àti Lẹ́ǹsì Mi

Òkè-Ẹlẹ́rin ni ilé wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti kékeré ni mo ti ń dárúkọ àdúgbò yìí fún ọlọ́kadà láìronú pé erin wà nínú orúkọ náà. Ìtàn ìlú wa sọ pé ọdẹ aperin kan tí wọ́n ń pè ní Aalẹ ló tẹ ibẹ̀ dó, ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Òkè-Ẹlẹ́rin yóò rí ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọkọ̀ àti ewúrẹ́. Kò ní rí erin. Bàbá mi àgbà ṣe ọdẹ títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó lè ki erin láti orí dé ìrù, ṣùgbọ́n òun náà sọ fún mi pé òun kò fi ojú ara òun rí erin rí.

Ní ọdún tí mo parí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi lẹ́ǹsì kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí mi. Ó gùn bí apá ọmọdé, ó wúwo tó bíi kílò méjì, wọ́n sì kọ 150-600 mm sí i lára. Mo gbé e lọ han Bàbá. Ó fi ọwọ́ pa á yíká, ó sì béèrè pé kí ló ń ṣe.

“Ó máa ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, Bàbá. Bí ẹran bá wà lọ́hùn-ún, yóò dà bí ẹni pé ó wà níbí.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Àkànbí, ọdẹ tí kò mọ bí a ṣe ń sún mọ́ ẹran ló máa nílò ìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò ní purọ́. Òun ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn kiri, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni Bàbá sọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ojú tó ríran jìnnà ló dá ìlú wa sílẹ̀. Nígbà tí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, òun náà ọdẹ, dé sí abẹ́ igi Àjàgbọn, ó rò pé òun nìkan ló wà nínú igbó náà. Èéfín ló rí lókèèrè. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ mìíràn níbẹ̀, Aalẹ wà lára wọn. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àlọ́ńgọ́ sílẹ̀ láti máa ṣọdẹ pọ̀ àti láti máa gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí. Bí Ògúnlọlá ṣe pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ìlú fi gba orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìyẹn, n kò ní tún un sọ. Èéfín yẹn ló jẹ mí lógún. Ògúnlọlá rí i láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó dá iná náà títí ó fi dé ìdí rẹ̀.

Ìtàn kejì mú mi lọ sí Ọ̀yọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Ọ̀yọ́ tí a ń wọ ọkọ̀ lọ lónìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà lókè níhà àríwá, kọjá Ìgbẹ́tì. Nígbà tí Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, dé ibẹ̀ ní 1826, ìlú ńlá ni, odi yí i ká, Aláàfin sì wà lórí ìtẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, láàárín 1830 sí 1840, ogun tú u. Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, àwọn ará ìlú sì fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àtìbà ní tirẹ̀ sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Ohun tí ìwé ìtàn kì í dúró lé lórí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣófo. Koríko hu lójú agbo ilé, igi yọ lórí odi, ẹranko sì kó wọlé. Ìjọba amúnisìn sọ apá kan ilẹ̀ náà, níhà odò Ògùn, di igbó ọba ní 1936. Wọ́n fi ti Ọ̀yọ́-Ilé kún un ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ ọ́ di ibi ààbò ẹranko, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di Old Oyo National Park ní 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Nítorí náà, ẹranko tí a ń lọ wò níbẹ̀ lónìí, ahoro àwọn baba wa ló ń jẹ̀. Mo bi Bàbá bóyá ó wọ igbó ọba ṣọdẹ rí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí n lọ bu omi wá.

Ìtàn lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ kò gùn tó ti Ọ̀yọ́. Bí a bá fẹ́ kí ohun tó jìnnà tóbi nínú àwòrán, ó yẹ kí gíláàsì iwájú jìnnà gan-an sí fíìmù, ìyẹn sì máa ń sọ kámẹ́rà di òpó. Ní 1891, Thomas Dallmeyer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Adolf Miethe ní Jámánì rí ọ̀nà kan, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ síwájú, wọ́n sì fi èyí tó ń tú u ká sẹ́yìn, ọ̀pá lẹ́ǹsì sì kúrú. Lẹ́ǹsì súùmù, èyí tí a lè fà gùn tàbí kí a tì í kúrú láìyọ ọ́, kò dé ọjà fún kámẹ́rà fọ́tò títí di 1959, nígbà tí ilé iṣẹ́ Voigtländer ta Zoomar, iṣẹ́ ọwọ́ Frank Back.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tó ń ya ẹranko ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Carl Georg Schillings, ará Jámánì tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1905 lórí ẹranko Ìlà Oòrùn Áfíríkà, kámẹ́rà àti ìbọn ló jọ gbé wọ igbó. Richard àti Cherry Kearton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú awọ màlúù tí wọ́n fi nǹkan kún, kí ẹyẹ má baà fura sí wọn. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn ọdẹ Hausa tó ń de orí ẹyẹ àkàlà mọ́ iwájú orí wọn, tí wọ́n á tẹ̀ba, tí wọ́n á máa rìn bí ẹyẹ títí wọn yóò fi dé ìtòsí ẹran. Ọgbọ́n kan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé Bàbá lè jàre.

Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ. A kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì wọn ní Ìsokùn, ní Ọ̀yọ́, a gba àyè, a sì gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ní kí ènìyàn wá, nítorí koríko ti jó nílẹ̀, ẹranko sì gbọ́dọ̀ jáde wá síbi omi.

Ní àárọ̀ kùtùkùtù, a rí agbo kob kan nítòsí odò, ẹranko pupa rúsúrúsú tó dà bí àgbọ̀nrín. Wọ́n jìnnà sí wa tó 120 mítà. Mo ti ṣírò rẹ̀ nílé: lẹ́ǹsì 600 mm máa ń mú nǹkan sún mọ́ ìlọ́po méjìlá ju ti 50 mm lọ, nítorí náà ẹran tó wà ní 120 mítà yóò dà bí èyí tó wà ní mítà mẹ́wàá. Mo fà á dé òpin, mo wò ó, koríko nìkan ni mo rí. Mo yí i sọ́tùn-ún, koríko. Sósì, koríko. Ihò tí mo ń gbà wòran ti kéré jù. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa lọ ló sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n tì í padà sí 150, kí n wá ẹran rí ná, kí n tó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Mo rí wọn báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kò sì tó, nítorí lẹ́ǹsì tó gùn bẹ́ẹ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Gbogbo àwòrán ogún àkọ́kọ́ ló rí bàìbàì.

Ẹ̀ṣọ́ náà bu eruku, ó jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀, ó wo ibi tó fẹ́ lọ. Ó ní atẹ́gùn ń gbé òórùn wa lọ bá wọn. Ó mú wa pẹ̀kọrọ, a fi ìdí wọ́, a dé ẹ̀yìn igi kan. Mo gbé lẹ́ǹsì lé àpò kékeré tí ìyá mi rọ ẹ̀wà sí, mo sì sáré rẹ̀ dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà yìí a kò jìnnà sí wọn ju ọgọ́ta mítà lọ. Abo kan gbé orí sókè. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, oòrùn ti mú, ooru sì ń jó lórí ilẹ̀ bí omi. Lẹ́ǹsì ń fa ẹran mọ́ra, ó ń fa ooru àti eruku ọyẹ́ mọ́ra pẹ̀lú. A kò rí ohun tó dára yà mọ́ ní ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí àwọn ìjímèrè tó sáré gba ojú ọ̀nà.

Mo so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé, mo gbé àga Bàbá sún mọ́ ọn dáadáa. Abo kob yẹn kún ojú rẹ̀, irun ipénpéjú rẹ̀ hàn kedere. Mo ní, “Bàbá, ẹ wò ó bó ṣe ń wò mí.”

Bàbá tẹjú mọ́ ọn pẹ́. “Kì í ṣe ìwọ ló ń wò.”

“Háà, Bàbá.”

“Wo etí rẹ̀. Òsì ni wọ́n dojú kọ. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.”

Mo sọ àwòrán náà di ńlá, mo ń wá inú koríko lápá òsì. N kò rí nǹkan. Mo tún sọ ọ́ di ńlá sí i. Etí kéékèèké méjì wà níbẹ̀, àti imú kan tó dúdú, nínú koríko tí iná kò jó tán. Mo ti wo àwòrán yẹn bí ìgbà ọgbọ̀n ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé mọ́ ló rí i.

“Tó bá jẹ́ ìbọn ni,” Bàbá ní, “n kò ní mọ̀ títí n óò fi dé ìdí ìyá rẹ̀.” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Erin ńkọ́?”

“N kò rí i, Bàbá.”

Ó mi orí. Mo na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n fi í sílẹ̀ ná.