Qigong: ibi tí ìdárayá àwọn ará Ṣáínà ti ṣẹ̀, àti ohun tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí kọ́ nínú ìtàn rẹ̀

 

Ọ̀pọ̀ wa ti rí fídíò àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n dúró sábẹ́ igi láàárọ̀, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń mí sínú, tí wọ́n ń mí síta. Qigong ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ilé Àṣà Ṣáínà ti wà ní Kútọnu láti ọdún 1988, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe àlejò pátápátá lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa ń ní ìbéèrè: Ṣé ẹ̀sìn ni? Èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́? Ṣé èèyàn lè torí rẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì? Ìtàn qigong fúnra rẹ̀ dáhùn púpọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

ORÚKỌ NÁÀ

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. «Qi» ni afẹ́fẹ́, òun ni èémí, òun náà ni ohun tó ń mú kí alààyè wà láàyè. Èyí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti lóye, nítorí èémí àti ẹ̀mí kò jìnnà síra wọn lẹ́nu wa. «Gong» ni iṣẹ́ tí èèyàn ṣe léraléra títí ó fi mọ́ ọn lára. Òun náà ló wà nínú «kung fu» tí gbogbo wa mọ̀ nínú sinimá. Ẹ wá rí i pé inú orúkọ náà gan-an ni àṣetúnṣe wà. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan tó sinmi fún oṣù kan, ó ní «qi» lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ní «gong».

ÀWÒRÁN INÚ IBOJÌ

Láyé àtijọ́, qigong kọ́ ni wọ́n ń pè é. «Daoyin» ni, ìyẹn ni pé kí èèyàn máa darí èémí, kó sì máa na ara. Ní ọdún 1973, àwọn tó ń wú ilẹ̀ láti wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí ibojì kan ní Mawangdui, ní ìlú Changsha. Láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti ti ibojì náà pa. Wọ́n bá aṣọ ṣẹ́dà kan níbẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán èèyàn 44 sí. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọmọdé àti àgbà. Ẹnìkan ń tẹ̀ síwájú, ẹnìkan ń na apá. Wọ́n kọ orúkọ ẹranko sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan, wọ́n sì kọ orúkọ àìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn. Ọ̀kan nínú àìsàn náà ni orúnkún dídùn. Ẹ ò rí i pé ìrora tó ń da àwọn ìyá wa láàmú lónìí ti wà nínú àwòrán náà láti ohun tó lé ní 2000 ọdún!

Wọ́n tún rí ìwé kan nínú ibojì mìíràn ní Zhangjiashan, orí pẹlẹbẹ igi ọparun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìyanu kankan. Ó ní kí èèyàn jí ní kùtùkùtù, kó wẹ̀, kó fọ ẹnu, kó ya irun, kó rìn díẹ̀ nínú àgbàlá, kó sì mu omi. Lẹ́yìn èyí ló wá ṣàlàyé bí a ṣe ń na ara. Ìgbésí ayé tó létò ni ìpìlẹ̀, ìdárayá wá tẹ̀ lé e.

ERÉ ẸRANKO MÁRÙN-ÚN

Nígbà tó fi máa tó ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, dókítà kan tó ń jẹ́ Hua Tuo ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ìwé ìtàn ilẹ̀ náà sọ pé ó kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Wu Pu, ní eré ẹranko márùn-ún: ẹkùn, àgbọ̀nrín, béárì, ọ̀bọ àti ẹyẹ. Ó ṣàlàyé fún un pé ó yẹ kí ara máa ṣiṣẹ́ kí oúnjẹ lè dà, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa rìn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èèyàn lò ó kọjá agbára rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì lójoojúmọ́, igi tó gbé e dúró kì í jẹrà: àpẹẹrẹ tó fi yé e nìyẹn. Bí ara bá ti wúwo, kí èèyàn dìde, kó ṣe eré ẹranko kan títí òógùn díẹ̀ yóò fi yọ. Wọ́n ní Wu Pu lé ní 90 ọdún, tí eyín, etí àti ojú rẹ̀ ṣì pé.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o: ìwé náà kò ṣàlàyé bí Hua Tuo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣètò eré ẹranko tí a ń rí lónìí.

Ní ọdún 610, Chao Yuanfang, dókítà ààfin, ṣe ìwé ńlá kan lórí ohun tó ń fa àìsàn. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ àìsàn, ó kọ irú ìdárayá àti mímí tó yẹ aláìsàn. Nítorí náà, ọwọ́ oníṣègùn ni iṣẹ́ yìí ti wá bó ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn onísìn wá.

Lásìkò ìjọba Song, nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, orúkọ Baduanjin yọ, ìyẹn «aṣọ ọlọ́nà ọ̀nà mẹ́jọ». Ìṣe mẹ́jọ péré ni. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀gágun Yue Fei ló dá a sílẹ̀, bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ pé Bodhidharma, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà, ló dá Yijinjing sílẹ̀. Àwọn òpìtàn yẹ ìwé Yijinjing wò, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín rẹ̀ àti Bodhidharma. Orúkọ ńlá ni wọ́n fi gbé ọjà wọn ga. Ìdárayá náà lè dára, síbẹ̀ kí ìtàn orí rẹ̀ má jẹ́ òótọ́.

LIU GUIZHEN ÀTI ỌJỌ́ 102

Ní nǹkan bí ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì kan ní ìpínlẹ̀ Hebei, Liu Guizhen, dùbúlẹ̀ àìsàn ọgbẹ́ inú. Ó gbẹ, ó ku egungun. Wọ́n dá a padà sílé. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ̀nà mímí kan lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan: kí èèyàn jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, kó máa mí jẹ́jẹ́ láti ikùn, kó sì máa sọ gbólóhùn kúkúrú kan nínú ọkàn rẹ̀. Ó ṣe é fún ọjọ́ 102, ara rẹ̀ sì mókun.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣe ìwádìí sí i. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì wá orúkọ fún un ní ọdún 1949. Qigong ni orúkọ tí wọ́n mú. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò yìí ló di orúkọ gbogbogbòò. Iṣẹ́ náà gbòòrò: wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú sí Tangshan ní 1954, wọ́n ṣí òmíràn sí Beidaihe létí òkun ní 1956. Liu sì tẹ ìwé jáde ní 1957. Ohun àtijọ́ ni ìṣe náà lóòótọ́, àmọ́ orúkọ tí a fi ń pè é kò ju ọjọ́ orí àwọn bàbá wa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Nígbà Ìyípadà Àṣà tí Mao bẹ̀rẹ̀ ní 1966, wọ́n ní ohun àtijọ́ tí kò wúlò ni. Wọ́n ti ilé ìtọ́jú pa, wọ́n lé Liu kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

OBÌNRIN INÚ ỌGBÀ

Ẹni tó gbé e dìde ni Guo Lin, obìnrin ayàwòrán. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ mú un, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó pa ìdárayá tó ti kọ́ láti kékeré pọ̀ mọ́ rírìn àti mímí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Beijing, lásìkò tí ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú ọgbà la ti ń rí wọn dòní. Àmọ́ ẹ má gbàgbé: Guo Lin gba iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ polówó kì í sọ apá yẹn.

IBÀ QIGONG

Láti 1979 ni ìlẹ̀kùn ti ṣí gbayawu. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn kó sínú ọgbà. Qian Xuesen, onímọ̀ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún Ṣáínà, gbè é lẹ́yìn. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá yọjú lọ́tùn-ún lósì. Yan Xin ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní agbára ń ti ara rẹ̀ jáde tó ń wo aláìsàn sàn. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń gbọ̀n. Àwọn aláìsàn kan pa dókítà tì. Àwọn mìíràn ń ṣe é fún wákàtí púpọ̀ láìsùn dáadáa, títí orí wọn fi dàrú. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1994 dárúkọ ìdàrúdàpọ̀ orí tó ń tẹ̀yìn qigong wá.

Ní 1992, Li Hongzhi dá Falun Gong sílẹ̀, ó sì pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 1999, nǹkan bí 10,000 ọmọ ẹgbẹ́ náà dúró láìpariwo níwájú ọgbà àwọn olórí ìjọba ní Beijing. Ní oṣù keje, ìjọba fòfin dè wọ́n, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ sẹ́wọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ qigong ńlá mìíràn náà túká. Nígbà tó yá, àjọ eré ìdárayá ìjọba yan ìṣe mẹ́rin, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 2003: Yijinjing, Eré Ẹranko Márùn-ún, Ìró Mẹ́fà àti Baduanjin. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú fídíò tí a ń rí.

Ó DỌWỌ́ ẸNI TÓ FẸ́ BẸ̀RẸ̀

Èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀? Baduanjin yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìṣe mẹ́jọ ni, òòró la ń ṣe é, nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 ló ń gbà. Ẹ mú ìkan ṣoṣo, ẹ má fò láti orí èyí sí tọ̀hún.

Ìṣẹ́jú mélòó? Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Liu lo ọjọ́ 102 kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má retí èrè ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbà wo? Ìgbà tí ẹ lè mú dúró láìyẹ̀. Àárọ̀ kí oòrùn tó mú dára nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà yó.

Èémí ńkọ́? Ẹ má sé e. Ẹ kọ́ bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń lọ ná, kí èémí máa lọ bó ṣe ń lọ. Tó bá yá, àwọn méjèèjì á bára wọn dọ́gba.

Bí n kò bá mọ nǹkan kan lára ńkọ́? Kò burú. Ọwọ́ lè gbóná, èèyàn lè yán, ó sì lè má rí nǹkan kan. Bí orí bá ń yí yín, tàbí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Orúnkún mi ń dùn mí ńkọ́? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jìnnà. Ẹ lè jókòó sórí àga ṣe é.

Ṣé ẹ̀sìn ni? Àwọn kan ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn, àwọn oníṣègùn sì ti lò ó láìní ẹ̀sìn nínú. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe lè gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n sì mí. Ohun tí olùkọ́ bá ní kí ẹ gbàgbọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ṣé ó lè rọ́pò oògùn? Rárá o. Àwọn oníwádìí ti dán an wò lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, oorun àti ìrora orúnkún. Àwọn kan rí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kéré. Ẹ máa lo oògùn yín lọ, dókítà nìkan ló lè ní kí ẹ dín in kù. Ẹni tó bá ní ẹ jù ú nù kí ẹ wá san owó fún òun, irú èèyàn tó dá ibà ọjọ́ yẹn sílẹ̀ ni.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àti bàbá wa nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ bó ṣe ń rí lára yín. Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Àṣẹ.