Gìtá Tó Ń Pariwo, Gìtá Tó Ń Sọ̀rọ̀

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ni gìtá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Òun ló ń ta gìtá kejì nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan tó máa ń ṣeré òde káàkiri Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà ò lókìkí, wọn ò sì ṣe àwo orin kankan. Ká ṣáà jẹun, ká rí owó ọkọ̀ san ni tiwọn. Nígbà tí oríkèé ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó gbé gìtá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kó di igi ìdáná o." Inú mi dùn. Mo so ó mọ́ ámpù, mo tan iná, mo ta okùn kan. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá náà ti kú.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: pickup ni àpótí pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ okùn gìtá oníná. Òun ni etí gìtá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju òòfà àti wáyà lọ. Wáyà ọ̀hún tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n á sì wé e yí òòfà ká ní bíi 8,000 ìgbà. Bí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná kékeré kan á máa sáré nínú wáyà náà, á sì máa lọ á máa bọ̀ bí okùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kò sí bátìrì ńbẹ̀ o. Michael Faraday ti ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1831, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan gìtá oníná rárá. Iná tó ń jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ ámpù ni láti sọ ọ́ di ńlá.

Mo gbé gìtá lọ sọ́dọ̀ onírédíò kan nítòsí ọjà Odò-Orí. Ó fi ẹnu mítà rẹ̀ kan wáyà méjèèjì. Mítà ò mira. Ó ní wáyà ti já nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò lè tó, àti pé òun lè wé kọ́ìlì fáànù, àmọ́ irú èyí, ọwọ́ òun ò ká a. "Lọ ra òmíràn." Ìgbà tí mo fẹ́ ra òmíràn gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ software ni mò ń ṣe, torí náà mo ṣe ohun tí irú wa máa ń ṣe: mo jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì di aago méjì òru. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ra èyí tó lágbára jù, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga. Nọ́ńbà tí wọ́n ń wí yìí ni bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó, kilo-ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti àtijọ́ bíi ti Bàbá Kékeré máa ń wà ní bíi 6. Èyí tí mo rà lé ní 13. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá láti Èkó, mo fi léèdì jó o mọ́ ibi tó yẹ, mo sì gbé gìtá lọ fi han ẹni tó ni ín.

Ó tẹ́tí sí mi fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ó mirí.

"Ó ń pariwo dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ló ń sọ?"

Mo kọ́kọ́ rò pé etí àgbà ni. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí gìtá oníná ṣe wọ inú jùjú ni mo rí i pé ìbéèrè yẹn ti pẹ́ ju èmi àti òun lọ.

Nígbà tí Túndé King ṣe àwo rẹ̀ fún Parlophone ní 1936, jùjú ò tíì nílò iná. Orin inú yàrá àti àgbàlá ni, ní Èkó: gìtá-báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, ìlù pẹlẹbẹ tí à ń pè ní jùjú, àti ohùn ènìyàn. Àyìndé Bákàrè náà, yùkùlélè-báńjò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fún HMV ní 1937. Àwọn olórin ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, àwọn tó ń gbọ́ wọn náà ò pọ̀. Ohùn tó ń jáde láti inú igi tó.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ní 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ẹ rò ó wò ná: gángan, ìlù tó ti ń sọ̀rọ̀ kí gìtá tó dé ilẹ̀ yìí, tó lè dúró lẹ́nu ọjà kó máa ki ọba tó wà láàfin. Ta ló máa gbọ́ gìtá onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1949, Bákàrè so gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ ara gìtá rẹ̀, ó sì gbé e gba inú ámpù. Gìtá padà wọ àárín ìlù. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e, bí iná sì ṣe ń gbé gìtá àti ohùn ròkè ni wọ́n ń rí àyè láti fi ìlù kún ìlù.

Lójú tèmi, ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iná tó wọ gìtá jùjú ò wá kí gìtá lè borí ìlù. Ó wá kí gìtá lè bá ìlù sọ̀rọ̀, kí ẹnì kankan má sì ní láti dákẹ́ nítorí ẹnì kejì.

Ìṣòro tó fara jọ ọ́ ló bí pickup fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. George Beauchamp, ọmọ Texas, máa ń ta gìtá àwọn ará Hawaii, èyí tí wọ́n ń gbé lé itan, ohùn rẹ̀ sì ń rì sínú ariwo ẹgbẹ́ olórin. Ní 1931 ó fi òòfà àti wáyà ṣe etí fún gìtá. Òun àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1932. Ó dà bí páànù tí a fi ń dín ẹyin, ni wọ́n bá ń pè é ní Frying Pan. Ọdún 1937 ni ìjọba fún Beauchamp ní pátẹ́ǹtì rẹ̀, ọdún kan náà tí Bákàrè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HMV. Inú mi máa ń dùn sí ohun kan níbẹ̀: ìran gìtá àgbélétan yẹn náà ni pedal steel tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta lẹ́yìn Sunny Adé nínú àwo Juju Music ti 1982. Ẹ tún un gbọ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Òun ni èyí tó ń fà, tó ń yọ̀ bí ilá.

Àmọ́ ọ̀nà pín. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ onígìtá lókè òkun rí i pé bí èèyàn bá ti ámpù kọjá agbára rẹ̀, ohùn rẹ̀ á há, á máa ké, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Wọ́n wá ń wá pickup tó máa ti ámpù débẹ̀. Ní 1972, Larry DiMarzio gbé Super Distortion jáde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí pickup àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó fẹ́ yọ ti inú gìtá rẹ̀ sọnù. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Seymour Duncan dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní California ní 1976. Ọjà pickup àpààrọ̀ tí mo wọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, inú ìfẹ́ ariwo yẹn ló ti dàgbà. Wọn ò purọ́ fún mi o. Orin tiwọn ni wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn lé lórí.

Ní àwọn ọdún kan náà, kí ni àwọn tiwa ń ṣe? Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964; Sunny Adé kúrò lẹ́yìn Moses Ọláìyá, ó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967; àwọn méjèèjì sì ń to gìtá lé gìtá. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, méjì mẹ́ta á máa gbè é, kálukú pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú tí kò ní yí padà, bí omele àti gúdúgúdú ṣe ń ṣe lábẹ́ ìyáàlù. Iṣẹ́ gìtá kejì tí Bàbá Kékeré ń ṣe nìyẹn: ohùn mẹ́rin, márùn-ún, láti ìdájí di òwúrọ̀, kó má ṣìnà. Irú orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àlàfo láàárín ohùn kan àti èkejì. Bí ohùn gìtá kọ̀ọ̀kan bá ki bíi ti èyí tí mo rà, gbogbo wọn á lẹ̀ pọ̀ bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa.

Níbi iṣẹ́, mo mọ irú àṣìṣe yìí bí ẹni mowó. Ìgbà kan wà tí a gbé kóòdù tí ẹlòmíràn kọ wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí aago gbogbo oníbàárà wa wá ń ka ti ìlú ẹni tó kọ ọ́. Kóòdù náà ò ní àbùkù. Ibi tó ń gbé ni kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Ó yẹ kí n kàn padà sí irú ti àtijọ́ nígbà náà, àbí? Ká má tan ara wa jẹ. Pickup oníkọ́ìlì kan kì í gbọ́ okùn nìkan. Gbogbo iná àyíká ló ń gbọ́. Iná NEPA ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pickup á sì máa kùn tẹ̀ lé e bí ilé oyin. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú jù ú lọ, torí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan: bí ẹnì kan bá tan ẹ̀rọ ìlọta, kíkùn náà á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè. Inverter olówó pọ́ọ́kú ńkọ́? Tìyẹn kì í tilẹ̀ kùn, híhan ló ń han. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í lọ lè máa yin ohùn oníkọ́ìlì kan. Ní Ìwó, ó ní ohun tí à ń rí.

Seth Lover ní ilé iṣẹ́ Gibson ló wá ojútùú sí èyí ní 1955. Ó to kọ́ìlì méjì síra wọn, ó wé wọn lódì síra, ó sì yí òòfà ọ̀kan dojú dé. Ariwo tó ń ti ìta bọ̀ á wọ méjèèjì bákan náà, àmọ́ á jáde ní òdì síra, wọ́n á sì pa ara wọn. Ohùn okùn ní tirẹ̀ á jáde ní ọ̀nà kan náà, á sì lé méjì. Wáyà ethernet tó wà lẹ́yìn router yín, ọgbọ́n tó fara jọ èyí ló fi ń sá fún ariwo. Ẹ̀wà ni, jàre. Ohun tí à ń san fún un ni pé kọ́ìlì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń gbọ́ okùn níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu mímú ohùn náà á sì kú díẹ̀. Ẹnu mímú yẹn gan-an ni gìtá kejì fi ń jẹun.

Èyí tí mo wá mú ni irú tí kọ́ìlì rẹ̀ méjì gun orí ara wọn. Tòkè ń gbọ́ okùn àti ariwo, tìsàlẹ̀ jìnnà sí okùn, ariwo ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbọ́. Wọ́n á yọ ọ̀kan nínú èkejì. Alnico 5 ni òòfà rẹ̀, agbára rẹ̀ ò sì pọ̀. Mi ò wo nọ́ńbà kilo-ohm rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí nọ́ńbà yẹn ò wúlò àfi bí èèyàn bá ń fi irú kan wé irú kan náà. Wáyà tó tín-ín-rín jù lè gbé e ga láìfi ohùn kankan kún un. Ohun tí mo wọ̀n ni àárín irin àkọ́kọ́ sí ìkẹfà, kí okùn má baà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òòfà. Mo tún bi àwọn tó tà á bóyá bọ́tìnnì fólúùmù 250 kilo-ohm tó wà nínú gìtá bá a mu, wọ́n ní ó bá a mu. Èyí tí mo rà ṣáájú, 500 ló ń fẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ mú tọ́ọ̀nà ìdè, kí ẹ fi sọ pickup yín kalẹ̀ díẹ̀. Òòfà tó bá sún mọ́ okùn jù máa ń fà á, ohùn á sì máa yẹ̀. Mo tún fi fọ́ìlì tẹ́ inú ihò gìtá, irú èyí tí wọ́n fi ń sé mọ́ínmọ́ín, mo sì so ó mọ́ wáyà ilẹ̀. Ó pa híhan inverter dé ìwọ̀n àyè kan. Kíkùn tó ń ti òòfà jẹnẹrétọ̀ wá ò gbọ́ ti fọ́ìlì ní tiẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo padà lọ bá Bàbá Kékeré. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lábẹ́ fèrèsé. Mo so gìtá mọ́ ámpù, mo yí fólúùmù sókè, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó wo ámpù, ó wo gílóòbù tó wà lókè, ó tún wo ámpù.

"Ṣé iná ti lọ ni?"

"Rárá sà, iná wà."

"Mi ò gbọ́ kó máa kùn."

"Kò ní kùn mọ́ sà."

Ó gbé ọwọ́ lé okùn. Gbólóhùn gìtá kejì kan ló ta, ohùn márùn-ún péré, ó ń yí i po. Nígbà tó ṣe, ìka dùn ún, ó dúró, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù bí ẹni omi gbígbóná ta sí lára, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró.