Àmì Bíńtín Lójú Juno

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ẹni tó ń fojú tín-ínrín ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ìgbà gan-an tí imú náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ niṣẹ́ àwọn agbẹ́nà orí bàbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1770 sí 1800.

Ìlà ni àwọn tó ṣáájú wọn fi ń gbẹ́ àwòrán, ìlà kì í sì í fara pamọ́. William Wynne Ryland, tó kọ́ṣẹ́ ní Paris, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àmì bíńtín rọ́pò rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a fi ìda bo awo bàbà, wọn a wá máa fi abẹ́rẹ́ gún ìda náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò. Wọn a da ásíìdì lé e kó jẹ bàbà ojú ihò wọ̀nyẹn, wọn a nu ìda kúrò, wọn a sì fi irin ṣónṣó kún ibi tó bá yẹ kó ṣókùnkùn sí i. Íǹkì pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n sábà fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Venus, òrìṣà ìfẹ́, nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀: ẹ ò ní mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ parí sí tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ yìí wà lára ohun tó ń yan ìtàn fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ àti idà ló kún inú ìtàn Homer, akéwì Gíríìsì ayé àtijọ́, àmọ́ èyí tí ayàwòrán Angelica Kauffman yà níbẹ̀, tí Ryland sì gbẹ́, ni ti òrìṣà Juno tó lọ tọrọ ìgbàdí Venus, kó lè fi fa ojú Jupiter ọkọ rẹ̀ mọ́ra, kí ọkọ sùn lọ, kí àwọn ará Gíríìsì lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lójú ogun Troy. Ara rírọ̀ lọ̀rẹ́ àmì bíńtín. Francesco Bartolozzi, ará Florence tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1764, ló wá sọ ọ́ di ọjà ńlá, tí Venus àti Cupid ọmọ rẹ̀ fi dé ara ògiri yàrá àlejò.

Àmọ́ àmì wọ̀nyẹn kì í jinlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń nu awo náà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àmì náà ń parẹ́, èyí tó fúyẹ́ jù, ti ojú àti àyà, ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mojú ọjà fi ń du àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nínú èyí tó bá pẹ́ jáde, aṣọ Juno á ṣì hàn kedere, ojú rẹ̀ á ti ṣá, àfi tí agbẹ́nà bá padà sídìí awo, tó tún àwọn àmì náà gún.